Ìwé Ìròhìn Méjì Nínú Ilé Kan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, láti inú àṣìṣe ara wa ni ó ti wá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a gun orí òkè láti máa na ìka sí àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta, 2023, ọjọ́ tí a dìbò gómìnà ní Èkó, àwa díẹ̀ nínú ìjọ péjọ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbàdúrà fún ìlú. Àwa ni kátíkíìsì tí ó ń darí àdúrà náà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, tẹlifóònù wa dún, ohùn ọkùnrin kan sì jáde láti inú rẹ̀, ohùn tí ó ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ó ń sáré. Ó ní ní àdúgbò àwọn níbẹ̀, àwọn ará ìlà-oòrùn ti ya wọ ibi ìdìbò, wọ́n ti dáná sun àpótí, wọ́n sì ti pa ọmọ agùnbánirọ̀ kan tí ó ń ṣe òṣìṣẹ́ ìdìbò. Ní abẹ́ ohùn náà ni a kọ orúkọ àdúgbò kan sí, tí kò jìnnà sí wa. A kò bi ara wa léèrè ta ni ọkùnrin náà. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí wa ni a mọ̀, àgbà ọkùnrin ni, olóòótọ́ ni; a sì gbé ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú rẹ̀, a fi fún ẹni tí òun pàápàá kò rí rí. A dìde, a sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ, a ní kí á fi omijé gbàdúrà.

Obìnrin kan ké ní ìlà kẹta. Ọmọbìnrin rẹ̀, agùnbánirọ̀, ni a rán lọ sí àdúgbò náà gan-an láti ṣe iṣẹ́ ìdìbò. Ó pe ọmọ náà lórí tẹlifóònù, kò wọlé. Ó tún pè é, kò wọlé. Ó jáde lọ sínú òkùnkùn láìwọ bàtà, àwọn ìyá mẹ́ta sì sáré tẹ̀lé e. Ó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí ọmọ náà tó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, eruku bò ó dé orúnkún, iná tẹlifóònù rẹ̀ sì ti kú láti ọ̀sán. Kò sí ẹni tí ó dáná sun ohunkóhun níbi tí ó wà. Ìwé èsì ìbò tí wọ́n ń kọ ni ó pẹ́ wọn. Ọmọ àbúrò wa kan tí ó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohùn yẹn kì í ṣe tuntun rárá, pé òun ti gbọ́ ọ nígbà ìdìbò 2019, orúkọ àdúgbò mìíràn ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ẹlòmíràn sì tún wà nínú ìjọ ní alẹ́ ọjọ́ náà tí a kò rántí. Arákùnrin kan ni, ọmọ Ìgbò, tí ó ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí a dárúkọ àwọn ará ìlà-oòrùn, gbogbo ojú ni ó yí sí i. Ó pa ìwé orin rẹ̀ dé, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn tí a kò fi ojú kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin a mú ara wa lọ sí ilé rẹ̀, a sì tọrọ àforíjì. Ó gbé àga fún wa, ó bu omi fún wa, ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ohun tí èmi náà ń gbọ́ lórí tẹlifóònù mi nípa ẹ̀yin Yorùbá ní ọ̀sẹ̀ náà kò ṣe é tún sọ. Mo sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí nínú ọkàn wa: nígbà tí ìṣèlú bá pín ìlú sí méjì tí ó sì pín ilé pẹ̀lú, níbo ni onílé tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run yóò ti rí ìròhìn tí ó lè gbé ọkàn lé?

Àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ pé ìgbà àtijọ́ sàn jù, pé nígbà tí ó jẹ́ ìwé nìkan ni a ń kà, òtítọ́ ni a ń kà. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, a sì ń fi í yangàn títí di òní. Ohun tí a kì í sábà sọ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ C.M.S. kan náà ní òjíṣẹ́ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Adolphus Mann wà ní Ìjàyè, David Hinderer wà ní Ìbàdàn, Townsend sì wà ní Abẹ́òkúta. Ìhìn rere kan náà ni wọ́n ń wàásù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ogun, olúkúlùkù gba ẹjọ́ ìlú tí ó ń gbé. Townsend gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, Hinderer sì ń kọ̀wé láti Ìbàdàn pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ìlú tí òun wà. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀nà Ìbàdàn sì dí fún ọdún púpọ̀ tí ebi fi pa Hinderer àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí olúkúlùkù rí ni ó kọ, ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni ó ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn yóò rò pé òun mọ ogun Ìjàyè, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ni ó mọ̀.

Àwọn baba wa ti fi òwe dí ojú ihò yìí: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Sólómọ́nì ọba pẹ̀lú mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rojọ́ ni ó máa ń dà bí aláre, títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi dé. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa tí a kò jẹ́ dá ẹjọ́ ìyàwó àti ọkọ láìpe àwọn méjèèjì, a ń dá ẹjọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè láti ẹnu ìwé ìròhìn kan.

Ní ọdún 1948, ní Èkó, ìwé ìròhìn West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe àti Daily Service ti àwọn tí ń ta kò ó kọjú ìjà sí ara wọn. Èébú ń jáde ní òwúrọ̀, ìdáhùn ń jáde ní òwúrọ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn aṣáájú wá di ti Yorùbá àti Ìgbò, títí tí àwọn ènìyàn láti ìhà méjèèjì fi wọ ọjà, tí wọ́n sì ra gbogbo àdá tí ó wà lórí igbá. Ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà ni ó ṣe èyí. Tẹlifóònù alágbèéká kò tíì dé ayé. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó, yálà láti ẹnu ni ó ti jáde, tàbí láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ìtàn ọdún 1965, bàbá tí ó bí wa ni ó sọ ọ́ fún wa. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń gbé inú agbolé kan ní Ìbàdàn. Bàbá wa ń ra Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949. Àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ń ka Sketch, tí ìjọba Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tí a dìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá 1965, rédíò ìjọba ní Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ni ó borí. Alhaji Adégbénró ti ìhà kejì ní àwọn ni ó borí, wọ́n sì mú un. Ní oṣù kan náà ni ẹnìkan wọ ilé rédíò ní Ìbàdàn, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjà Wẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gba ìgboro, epo pẹtiróòlù àti iná. Bàbá wa sọ pé ní òwúrọ̀ kan òun àti àbúrò òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àgbàlá, olúkúlùkù na ìwé ìròhìn rẹ̀ bí aṣọ ìkélé, kò sì sí ẹni tí ó kí ẹnìkejì. Ìyá wọn ń se oúnjẹ nínú ìkòkò méjì. Títí di ìgbà tí ìyá náà fi kú, ní 1971, wọn kò jùmọ̀ jẹun. Àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì kò mọ orúkọ bàbá wa, wọn kò sì mọ ti àbúrò rẹ̀.

A máa ń ronú sí èyí nígbà tí a bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà ìjọba Shagari, ìwé ìròhìn Concord ti Moshood Abíọ́lá kò fi Awólọ́wọ̀ lọ́rùn sílẹ̀, Tribune náà kò sì fi Abíọ́lá lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ilé tí ó ń ka Tribune nígbà náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Abíọ́lá sétí. Ó di 1993, a fagi lé ìdìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà tí Abíọ́lá ti ń borí, ìjọba ológun sì ti ilé iṣẹ́ Concord pa. Àwọn ilé Tribune kan náà ni ó jáde sí ìta nítorí Abíọ́lá. Àwọn ńlá ti parí ìjà wọn. Ṣùgbọ́n àwa mọ àwọn ilé tí wọ́n kò tíì parí ti 1983 wọn.

Nígbà tí a bá sọ báyìí, àwọn kan máa ń dáhùn pé, “Ó dára, a ó gba ohun tí ìjọba bá sọ gbọ́, a ó sì fi ti àwọn oníwèé sílẹ̀.” Àwọn mìíràn, tí wọ́n ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n, máa ń sọ pé bí ìhà kan bá wí báyìí, tí ìhà kejì wí bẹ́ẹ̀ yẹn, àárín ni òtítọ́ wà. Kí àwọn méjèèjì rántí Òǹdó. Ní oṣù kẹjọ 1983, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ni ó wọlé gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kì í ṣe Michael Ajáṣin. Ìlú gbiná, ilé jó, ènìyàn sì kú ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú mìíràn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ yẹ iye ìbò náà wò, wọ́n rí i pé a ti yí i, wọ́n sì dá ipò náà padà fún Ajáṣin. Ìkéde ìjọba ni ó jẹ́ irọ́ ní ọjọ́ náà. Òtítọ́ kò sì sí ní àárín: ọkùnrin kan ni ó wọlé, ẹnìkejì kò wọlé. Onídàájọ́ òdodo ń gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í la ọmọ sí méjì nítorí àtitẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Nígbà mìíràn, ẹ̀wẹ̀, àwọn méjèèjì ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń sọ ìdajì. Ẹ wo ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì, 2023. Àjọ INEC ti ṣe ìlérí pé a ó máa fi èsì láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ náà gan-an. Fún ìbò ààrẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ni ó da iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta a kéde Bọ́lá Tinúbú pẹ̀lú ìbò 8,794,726, Atiku Abubakar ní 6,984,520, Peter Obi ní 6,101,533. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ọwọ́ sí èsì náà, ó sì pinnu pé àìfi èsì hàn yẹn kò tó láti fagi lé ìdìbò. Ohun méjèèjì yìí ni ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ a mọ ilé tí wọ́n ń sọ ti ẹ̀rọ náà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, tí wọn kò jẹ́ ka ìdájọ́ náà. A sì mọ ilé tí wọ́n ń ka ìdájọ́ náà bí ìwé Òfin, tí ojú wọn ń korò bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀rọ. Ní Èkó pàápàá, àjọ kan náà ni ó kéde pé Obi fi ìbò 9,848 ṣáájú Tinúbú, 582,454 sí 572,606. A bi alàgbà kan, ọ̀rẹ́ wa, ẹni tí ó ń gbọ́ rédíò láti òwúrọ̀ di alẹ́, bóyá ó mọ èyí. Ó búra pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Rédíò tí ó ń gbọ́ kò sọ ọ́ fún un, tàbí kí ó sọ ọ́ ní wàràwàrà tí ó fi kọjá létí rẹ̀.

Ní ti rédíò, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹ kí á sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá wa kò ka ìwé, rédíò ni ìwé wọn. Púpọ̀ nínú ètò òwúrọ̀ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ṣe, àkókò tí a fi owó rà ni. Ilé iṣẹ́ rédíò ta wákàtí náà fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń wá ẹni tí yóò san owó rẹ̀ padà fún un, ẹni náà sì lè jẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. A kò bínú sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ó ní aya, ó ní ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì olóṣèlú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ìròhìn ni òun gbọ́. Ìròhìn gan-an ni èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń kà ní wákàtí ìròhìn, níbi tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀.

Tẹlifóònù burú ju rédíò lọ, nítorí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bí Tribune bá purọ́, a mọ ilé wọn ní Ìbàdàn, a lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ta ni a ó pè lẹ́jọ́ fún ohùn tí a gbọ́ ní Wásáàpù? Ní 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, ìròhìn kan gba tẹlifóònù ká ní òru ọjọ́ kan pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá ń jí ọmọ wọn lójú oorun láti fún wọn mu, a sì gbọ́ ìròhìn àwọn tí ó kú nítorí iyọ̀ náà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi rán ọ̀rọ̀ yẹn sí ara wọn. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, àhesọ gbòde kan pé Ààrẹ Buhari ti kú, pé ará Sudan kan ni ó jókòó sí ipò rẹ̀, títí tí ọkùnrin náà fi ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní ilẹ̀ Poland pé òun ni òun. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwa kan náà dìde níwájú ìjọ, a sì ka ohùn ẹni tí a kò mọ̀ sí ìjọ létí.

Ohun kékeré kan wà tí gbogbo ilé lè kọ́ lónìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ ní Wásáàpù, àmì ọfà méjì máa ń hàn lórí rẹ̀. Láti 2020 ni wọn kò sì ti jẹ́ kí á rán irú rẹ̀ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí ọfà méjì náà, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó rán an sí yín kọ́ ni ó kọ ọ́, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ọfà méjì yẹn wà lórí ọ̀rọ̀ tí a kà fún ìjọ. A rí i. A kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí a ti ń ṣe nínú ilé wa nísinsìnyí nìyí, kì í ṣe pé ó pé. Ìwé ìròhìn méjì ni à ń rà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ràn ìjọba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Owó ọ̀wọ́n, a mọ̀. Àwọn tí kò bá lè ra méjì lè bá aládùúgbò pààrọ̀. Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà a ti kọ́ àwọn ọmọ wa ẹni tí ó ni ìwé kọ̀ọ̀kan: wọ́n mọ̀ pé Tribune jẹ́ ti ìdílé Awólọ́wọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé The Nation, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ti ń rìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Tinúbú láti ìgbà náà. A kò sọ fún wọn pé nítorí náà irọ́ ni. Ohun tí a sọ ni pé, bí ìwé kan bá kọ ohun tí ó lè ba olówó rẹ̀ nínú jẹ́, ẹ tètè gbà á gbọ́, nítorí ó ná an ní nǹkan kí ó tó kọ ọ́. Bí ó bá kọ ohun tí ó ba ọ̀tá olówó rẹ̀ jẹ́, ẹ ṣe sùúrù títí di ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a ń mú ìròhìn kan náà láti inú ìwé méjèèjì, ọmọ wa obìnrin a sì mú pẹ́ńsùlù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ìbínú tàbí ìyìn ni ó ń fa ìlà lé: “aláìnítìjú,” “akọni,” “àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú.” Lẹ́yìn náà a ka èyí tí ó kù. Nígbà mìíràn ìròhìn méjèèjì á di ọ̀kan náà, orúkọ kan náà, ọjọ́ kan náà, iye owó kan náà. Nígbà mìíràn, tí a bá fa ìlà tán, kò ní sí ohunkóhun tí ó kù ju “a gbọ́ pé.” Ọmọkùnrin wa, tí ó jẹ́ aláwàdà, ti sọ irú èyí ní “ìròhìn afẹ́fẹ́.” Ojú ìwé tí olóòótú ti ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ ni à ń kà kẹ́yìn. Kì í ṣe pé a kórìíra èrò; ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù kí ó tó gbọ́ ẹ̀kọ́ kíkà kò ní mọ̀ bí oníwàásù náà bá ṣì í kà.

Fún èyí tí ó bá dé láti orí tẹlifóònù, a ní àwọn tí ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lónìí. Dubawa wà ní orílẹ̀-èdè wa láti 2018, Africa Check náà sì ní ọ́fíìsì ní Èkó. BBC sì ń sọ ìròhìn ní èdè Yorùbá láti 2018. A ń lò wọ́n, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn, irọ́ sì ti máa ń jẹun tán kí wọ́n tó dé. BBC pàápàá, tí àwọn òbí wa ń tẹ́tí sí ní kọ̀rọ̀ nígbà Abacha, láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń wò wá, gẹ́gẹ́ bí Townsend ti ń wo Ìbàdàn láti Abẹ́òkúta. Ìbéèrè tí ó yá jù lọ ṣì ni èyí tí àwọn àgbà agbolé máa ń bi ọmọ tí ó sáré wọlé: ṣé ojú rẹ ni ó rí i, tàbí wọ́n sọ ọ́ fún ọ? Bí a bá ti bi ara wa ní èyí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá yẹn ì bá má ti jáde sínú òkùnkùn láìwọ bàtà.

A kà á sí ohun rere pẹ̀lú bí ìwé ìròhìn bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba. Èyí tí kò jẹ́wọ́ rí, yálà kò ṣe àṣìṣe rí, èyí tí kò ṣeé ṣe, tàbí ó ń fi í pamọ́. Nítorí náà ni àwa náà ṣe dìde ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìdìbò náà, a sọ fún ìjọ pé irọ́ ni a kà fún wọn, a sì dárúkọ ara wa. Àwọn kan ní a ti dójú ti ipò wa. Ìyá ọmọ agùnbánirọ̀ náà kò sọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ wa mú ní ẹnu ọ̀nà, ó pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀.

Arákùnrin akọrin wa padà sí ìlà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ní ìgbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí mú ìwé ìròhìn tí òun ń kà wá fún wa lẹ́yìn ìsìn, èyí tí a kò jẹ́ fi owó wa rà láéláé, àwa náà sì ń ká tiwa fún un. Ó máa ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i kí ó tó fún wa, nítorí a ti sọ fún un bí ọmọ wa ti ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó fa ìlà sí ọ̀rọ̀ kan tí a rò pé òtítọ́ ni, a sì jiyàn lórí rẹ̀ ní abẹ́ igi máńgòrò ọgbà ìjọ títí ìyàwó rẹ̀ fi wá pè é lọ jẹun. Ó ní kí á mú tiwa wá ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, kí òun fi ìdí rẹ̀ hàn wá. A ti ká a sínú àpò.